Àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀: Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ 16 tí a gbé síbì kan, tí a bá níbòmíràn

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo gbé abọ́ náà sábẹ́ máíkírósíkóòpù, mo kà wọ́n, mo tún wọn kà, nítorí mo rò pé ojú mi ló ń tàn mí. Ibi 16 la ti gbé sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ sí, ẹyọ kan níbì kan. Ìlà 4 ni, sẹ́ẹ̀lì 4 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀létíróòdù kan, irin tíntìntín tó ń gbọ́ iná tí sẹ́ẹ̀lì bá ta, sì wà lábẹ́ ìjókòó kọ̀ọ̀kan. Nínú 16 yẹn, 5 péré ló ṣì wà níbi tí a fi wọ́n sí. 4 ti kú, wọ́n ti fọ́ wẹ́wẹ́. 7 tó kù yè, ara wọn le koko, etí wọn ń tàn bí etí sẹ́ẹ̀lì tó ní ìlera ṣe máa ń tàn, àmọ́ wọ́n ti ṣí kúrò. Ọ̀kan nínú wọn rìn tó 60 máíkírómítà. Aládùúgbò rẹ̀ náà gbéra, ó wá pàdé rẹ̀ lọ́nà, àwọn méjèèjì wá fara ti ara bí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ àṣírí.

60 máíkírómítà lè dà bí nǹkan kékeré létí. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ìdá kan ni máíkírómítà, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tí à ń sọ yìí, tí a mú láti inú hippocampus èkúté, ẹ̀ka ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ ìrántí, ara rẹ̀ láìka apá mọ́ ọn, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín tó ń yọ lára rẹ̀, kò ju 10 sí 15 máíkírómítà lọ. Ẹni tó rìn jìnnà tó ìlọ́po mẹ́rin ìbú ara rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó yẹsẹ̀ díẹ̀. Ó ti kó kúrò nílé.

Ìdí tí a fi ń ṣe wàhálà yìí kò ṣòro láti sọ. Bí èèyàn bá kàn da sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ sínú abọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni yóò balẹ̀ síbi tó bá wù wọ́n, wọn yóò na apá, wọn yóò so mọ́ra, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé wọ́n ti di igbó kìjikìji. Ẹ̀létíróòdù ìsàlẹ̀ yóò máa gbọ́ ariwo, àmọ́ ta ló ń pariwo? Àwa fẹ́ mọ ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ẹni tó dáhùn. Sẹ́ẹ̀lì kan ní láti jókòó sórí ẹ̀létíróòdù kan, kó má sì dìde níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Àwa kọ́ la kọ́kọ́ dá irú rẹ̀ ṣe. Láti 1907 ni Ross Harrison ti mú ẹran iṣan láti ara ọlẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́, tó fi í sínú ẹ̀kán omi ara tó dì, tó dorí gíláàsì rẹ̀ kodò, tó sì jókòó tì í títí ó fi rí i pé láti inú sẹ́ẹ̀lì gan-an ni okùn iṣan ti ń yọ jáde. Ní Jámánì, Peter Fromherz àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ gbé sẹ́ẹ̀lì iṣan eṣúṣú ka orí tìrànsísítọ̀ ní 1991. Ní 2001, Günther Zeck àti Fromherz ṣe ti ìgbín inú omi, wọ́n sì ri èèkàn kéékèèké yí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ká bí ọgbà. Mo ti ka ìwádìí yẹn kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo wí fún ara mi ni pé sẹ́ẹ̀lì ìgbín tóbi gan-an ju ti èkúté lọ, pé wàhálà àwọn ìgbín nìyẹn, tiwa kéré, yóò jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọgbà yẹn sọ́kàn. Èmi ò fi í sọ́kàn.

Bí a ṣe rí sẹ́ẹ̀lì kò ní àrà nínú: ọlẹ̀ èkúté ọlọ́jọ́ 18, trypsin, èròjà tó ń jẹ ohun tó so sẹ́ẹ̀lì pọ̀, láti tú ẹran náà, ká fi pípẹ́ẹ̀tì gíláàsì tí iná ti mú ẹnu rẹ̀ dán fà á sókè sódò títí yóò fi di ẹyọ ẹyọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni gbígbé.

Ara sẹ́ẹ̀lì ní agbára iná òdì, poly-D-lysine tí a fi ń kun gíláàsì sì ní ti ìdákejì rẹ̀. Tí sẹ́ẹ̀lì bá balẹ̀ sórí poly-D-lysine, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa fi lẹ̀ mọ́ ọn, tó bá sì ti lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ṣí i yóò ya á. Nítorí náà abọ́ méjì la máa ń lò. Èkíní ni ibi ìdúró: a tẹ́ agarose, ohun rírọ̀ bí ẹ̀kọ tó dì, sísàlẹ̀ rẹ̀, kò sí ohun tó ń lẹ̀ mọ́ agarose, àwọn sẹ́ẹ̀lì á kàn jókòó síbẹ̀ bí èrò tó ń dúró de ọkọ̀. Èkejì ni ibi tí à ń gbé wọn lọ.

Láti ṣe pípẹ́ẹ̀tì tí a fi ń gbé wọn, ọ̀pá gíláàsì oníhò la fi iná fà títí ẹnu rẹ̀ fi di tín-ín-rín, tí a sì ṣẹ́ ẹ níbi tí ihò rẹ̀ ti tó 20 sí 25 máíkírómítà. Tí ihò bá kéré ju ìyẹn lọ, sẹ́ẹ̀lì yóò há, yóò sì bẹ́. Tó bá tóbi jù, omi púpọ̀ yóò bá sẹ́ẹ̀lì wọlé, nígbà tí o bá sì fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀, yóò fò jáde bí ẹni tí wọ́n tì. Lẹ́yìn ṣíṣẹ́, ẹnu náà gbọ́dọ̀ tún rí iná, nítorí etí gíláàsì tó ṣẹ́ mú ju abẹ lọ. Kí a tó fi kan sẹ́ẹ̀lì kankan, a fà á rin nínú omi tó ní albumin, irú purotéènì kan, kí sẹ́ẹ̀lì má bàa lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Síríǹjì ló ń fà á, ọ̀nà tó so síríǹjì mọ́ pípẹ́ẹ̀tì sì gbọ́dọ̀ kún fún omi dẹ́dẹ́. Ẹyọ èéfọ́ afẹ́fẹ́ kan péré tó bá kù nínú rẹ̀ yóò di sípíríǹgì: o tẹ̀ ẹ́, kò gbọ́, o tún tẹ̀ ẹ́, kò gbọ́, ìgbà tó máa gbọ́, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló máa tú dà lẹ́ẹ̀kan náà. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta la pàdánù kí a tó rí èéfọ́ tó ń ṣe wá bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ẹ̀kọ́ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ jù láàárín wa, òun ló gbé 16 ọjọ́ yẹn. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó yan èyí tí ara rẹ̀ yíká dáadáa, tí kò ní kókó dúdú nínú. Ó mú ẹnu pípẹ́ẹ̀tì wá láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè. Ó fa síríǹjì díẹ̀, sẹ́ẹ̀lì náà yí gbirigbiri lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé, ó sì dúró níwọ̀n 50 máíkírómítà sí ẹnu ihò. Kò jẹ́ kó wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí sẹ́ẹ̀lì tó bá ti jìnnà sínú, a kì í mọ ìgbà tó máa jáde. Ó gbé ẹnu pípẹ́ẹ̀tì sókè, ó yí pẹpẹ títí ẹ̀létíróòdù fi bọ́ sí àárín, ó sọ ọ́ kalẹ̀ títí eruku orí gíláàsì fi mọ́ kedere lójú, ó wá tẹ síríǹjì bí ẹni tí kò tẹ̀ ẹ́. Sẹ́ẹ̀lì náà yọ orí, ó jáde, ó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. A dúró díẹ̀. Ó mi pípẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kò mì. Ó lẹ̀.

Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ọ̀kan tó parí. Ẹ ṣe ìṣirò 16 wò: ó fẹ́ẹ̀ tó wákàtí kan tí abọ́ fi wà níta ínkúbétọ̀. Omi oúnjẹ tó gbára lé carbon dioxide ìdá 5 nínú 100 kì í fẹ́ràn ìta. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, àwọ̀ pupa rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í di àlùkò, ìyẹn ni pé ásíìdì inú rẹ̀ ti ń dín kù. HEPES, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ìwọ̀n ásíìdì yí padà, la fi dè é, a sì mú pẹpẹ máíkírósíkóòpù gbóná dé 37°C.

Àwọn kan á bi mí pé kí ló dé tí a kò fi ìmọ́lẹ̀ gbé e. Òótọ́ ni, ẹ̀mú ìmọ́lẹ̀ wà. Arthur Ashkin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi hàn ní 1986 pé ìtànṣán lésà kan ṣoṣo lè di nǹkan tíntìntín mú, òun sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ ní 2018. Nígbà tó débi ohun abẹ̀mí, ó yí sí ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí, nítorí aláwọ̀ ewé ń pa àwọn bakitéríà rẹ̀. Mo ti lò ó, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún sẹ́ẹ̀lì tó ṣì ń léfòó. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò tó nǹkan: sẹ́ẹ̀lì tó bá ti fi ìdí kan poly-D-lysine kò ní dá a lóhùn. Àwọn tó ń fi iná mànàmáná tó ń yí padà ti sẹ́ẹ̀lì síbi tí wọ́n fẹ́ náà wà. Omi oúnjẹ níyọ̀ púpọ̀, torí bẹ́ẹ̀ ó máa ń gbóná tí iná bá ń gba inú rẹ̀ kọjá, sẹ́ẹ̀lì náà á sì máa sá kúrò níbi tí iná ti le, ó di dandan kí èèyàn yí èrò rẹ̀ po kó tó rí i gbé. Fún 1,000 sẹ́ẹ̀lì, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Fún 16, ọwọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sí àárọ̀ ọjọ́ kẹta. Ọmọ ẹ̀kọ́ wa wo ojú kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ sì rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ó ní láti jẹ́ pé ọwọ́ mi ló gbọ̀n.” Kí n má purọ́, èmi náà fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn nìyẹn, tàbí kó jẹ́ ìgbà tí mo ń gbé abọ́ lọ sínú ínkúbétọ̀ ni omi rẹ̀ mì. Ọ̀gá wa ló béèrè ohun tí mo yẹ kí n ti béèrè: “Ẹ ní àwòrán wọn lẹ́yìn tí ẹ gbé wọn tán?” A ò ní. A ní àwòrán ọjọ́ kìíní kan tí a yà kí èyí tó kẹ́yìn tó balẹ̀, àti ti ọjọ́ kẹta. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì, a kàn ń méfò ni.

A tún 16 mìíràn gbé. Lọ́tẹ̀ yìí a ya àwòrán lẹ́yìn gbígbé, a gbé abọ́ lọ sí ínkúbétọ̀, a gbé e padà, a tún yà á. Gbogbo 16 wà níjòókòó. Ọwọ́ ọmọ náà kò jẹ̀bi, ẹsẹ̀ mi náà kò jẹ̀bi. Ní wákàtí 12, gbogbo wọn ṣì wà níbẹ̀, apá kúkúrú mẹ́ta sí márùn-ún ti yọ lára wọn. Ní wákàtí 24, díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Láàárín wákàtí 36 sí 48 ni ilé tú.

Ẹni tó bá mọ ìtàn ìdàgbà sẹ́ẹ̀lì yìí yóò ti rí ibi tí mò ń lọ. Dotti, Sullivan àti Banker ló to ìpele rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ ní 1988: láàárín ìdajì ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn apá kúkúrú á yọ, kò sí èyí tó ju èkejì lọ, nígbà tó bá tó ọjọ́ kan àtààbọ̀, ọ̀kan nínú wọn á déédéé yára ju àwọn yòókù, òun ló di axon, okùn gígùn tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ sí àwọn yòókù. Àsìkò tí axon gbéra gan-an ni ara sẹ́ẹ̀lì tiwa náà gbéra.

Mo tẹ àwọn àwòrán náà sórí bébà, mo fi bíírò pupa fa ìlà síbi tí axon kọjú sí ní wákàtí 36, mo fi dúdú fa ibi tí ara sẹ́ẹ̀lì lọ nígbà tó fi di wákàtí 48. Sẹ́ẹ̀lì 8 ló ṣí kúrò lọ́tẹ̀ yìí. Nínú wọn, ìlà pupa àti dúdú bá ara wọn lọ lára 6. Méjì tó kù dà mí lọ́kàn rú títí mo fi wo àwòrán dáadáa: axon ẹlòmíràn ti gun orí wọn, onítọ̀hún ló ń wọ́ wọn lọ.

Orí axon tẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́, ó ní ìka wẹ́wẹ́, ó ń fi wọ́n di ilẹ̀ mú, ó sì ń fà. Ní 1989, Lamoureux, Buxbaum àti Heidemann fi ẹ̀rí hàn pé fífà ló ń fà lóòótọ́, pé okùn tó wà láàárín rẹ̀ àti ara sẹ́ẹ̀lì wà ní títàn. Ẹ fojú inú wo ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ yíyọ̀, tó di okùn tí wọ́n so mọ́ igi mú, tó wá ń fà á. Igi kò ní wá. Òun ló máa lọ bá igi. Àwa fúnra wa la sì gbin igi sí gbogbo ilẹ̀, nítorí a ti fi poly-D-lysine àti laminin, purotéènì tí axon fẹ́ràn láti dì mú, kun gíláàsì náà láti etí dé etí. Orí axon rí ilẹ̀ tó le dì mú síbikíbi tó bá yà sí, ara sẹ́ẹ̀lì tó yíká bí ọsàn sì jẹ́ pé ìdí kékeré ló fi kan ilẹ̀ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́.

Ìgbà yìí ni mo tó rántí ọgbà tí wọ́n fi yí sẹ́ẹ̀lì ìgbín ká. Wọn ò ṣe é fún ẹwà.

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú wa. Èkíní ni ilé kékeré. Ní Caltech, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Jerome Pine àti Yu-Chong Tai ti wa kòtò sínú sílíkọ́ọ̀nù fún sẹ́ẹ̀lì, ìlà 4 tó ní 4 gẹ́gẹ́ bíi tiwa, wọ́n gbé iṣẹ́ náà jáde ní 1999. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi parylene, irú ike kan, kọ́ àgò tó ní ọ̀nà tóóró lẹ́gbẹ̀ẹ́: apá lè gba ibẹ̀ jáde, ara kò lè gbà á. Bí èèyàn bá ní irinṣẹ́ rẹ̀, òun ni mo máa ní kó lò. A ò ní in. Èkejì ni ká fa oko ìlẹ̀mọ́ ní ààlà: ìjókòó róbótó oníbùú 25 máíkírómítà lórí ẹ̀létíróòdù kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà tóóró oníbùú 3 láàárín ìjókòó sí ìjókòó, kí gbogbo ilẹ̀ yòókù jẹ́ èyí tí nǹkan kò lè lẹ̀ mọ́. Kleinfeld, Kahler àti Hockberger ti fi hàn láti 1988 pé sẹ́ẹ̀lì iṣan máa ń tẹ̀ lé irú ààlà bẹ́ẹ̀. Axon lè gba ojú ọ̀nà tóóró, ara kò ní rí ilẹ̀ tó tó ìdí rẹ̀ níbẹ̀.

Òǹtẹ̀ rọ́bà la fi ṣe é. A da PDMS, rọ́bà olómi, sínú àwo tí a ti gbẹ́ àwòrán ìlà náà sí, ó dì, a fi poly-D-lysine kùn ún, a tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì tó ti ní PEG, ohun tí sẹ́ẹ̀lì kì í lẹ̀ mọ́, a ṣí i. Èkíní bàjẹ́ pátápátá, àwa la sì bà á jẹ́. Nítorí kò lẹ̀ dáadáa lójú mi, mo fi ìka tẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Àjà rọ́bà tó wà láàárín àwọn ìlà wó lulẹ̀, òun náà tẹ òǹtẹ̀ tirẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé a fi àwọ̀ tó ń tàn sínú poly-D-lysine náà ni a fi mọ̀ kí a tó fi sẹ́ẹ̀lì ṣòfò: dípò ìlà àti ìjókòó róbótó, gbogbo gíláàsì mọ́ yòò, àwọ̀ ewé kan náà láti òkè délẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ìwúwo òǹtẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó kú ṣì kù. A pàdánù 4 nígbà àkọ́kọ́, 3 nígbà kejì, kò sì jọ pé pípẹ́ẹ̀tì ló ṣe wọ́n léṣe, nítorí wọ́n ti yọ apá dáadáa kí wọ́n tó kú. Ìdáwà ló pa wọ́n. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kì í gbé ìgbé ayé lórí oúnjẹ nìkan, ohun tí ará àyíká ń tú sínú omi wà lára ohun tó ń gbé e ró. Omi oúnjẹ Neurobasal àti àfikún B27 tí Brewer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1993 dára gan-an níbi tí sẹ́ẹ̀lì bá ti pọ̀. Ṣùgbọ́n 16 nínú mìlílítà omi méjì? Ohunkóhun tí wọ́n bá tú jáde yóò ti sọnù kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì.

Gary Banker ti yanjú èyí tipẹ́: glia, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì iṣan nínú ọpọlọ, ni kó bá wọn gbé, kí wọ́n máa mu omi kan náà láìfara kanra. Ó máa ń kán ìda sára gíláàsì tí sẹ́ẹ̀lì wà kó di ẹsẹ̀, yóò dorí rẹ̀ kodò sórí ẹní glia. Tiwa kò ṣeé dorí kodò nítorí ìsàlẹ̀ abọ́ ni ẹ̀létíróòdù wà, nítorí náà glia la dorí rẹ̀ kodò. A tọ́ glia dàgbà sórí gíláàsì pẹlẹbẹ tó ní ẹsẹ̀ ìda mẹ́ta, lẹ́yìn tí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ti lẹ̀ tán, a rọra gbé e bò wọ́n bí òrùlé. Ẹsẹ̀ ìda náà ga tó ìdajì mìlímítà. A tún fi awọ Teflon tín-ín-rín bo abọ́, irú èyí tí Potter àti DeMarse kọ nípa rẹ̀ ní 2001, tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé tí kì í jẹ́ kí omi gbẹ lọ; wọ́n fi tọ́jú sẹ́ẹ̀lì tiwọn ju ọdún kan lọ. Méjèèjì la ṣe pọ̀, nítorí náà n kò lè sọ pé èyí ló gbà wọ́n là, ìyẹn kọ́. Ojú mi wà lára glia.

Ọjọ́ kẹta abọ́ yẹn, mo ka 12 níjòókòó. Ọ̀kan ti rìn, a sì rí ìdí rẹ̀: ọ̀nà tó yọ lára ìjókòó rẹ̀ ti tẹ̀ fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó tó 8 máíkírómítà, ara sẹ́ẹ̀lì sì rí àyè tẹ̀ lé axon rẹ̀. Méjì kú. Ìjókòó kẹrìndínlógún ṣófo, torí èyí tó yẹ kó gbà á ti bẹ́ sínú pípẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó di ọjọ́ 14, 11 ṣì wà níbi tí a fi wọ́n sí, axon wọn sì ń gba ojú ọ̀nà bí a ṣe tẹ̀ ẹ́. A ta ìjókòó 6 jí pẹ̀lú iná díẹ̀, ìjókòó 7 dáhùn lẹ́yìn mìlísẹ́kọ́ńdì mélòó kan. A tún un ṣe títí ọmọ ẹ̀kọ́ wa fi ní ó tó gẹ́ẹ́.

Ìjókòó tó ṣófo yẹn, a gbìyànjú láti kún un ní ọjọ́ kejì. Ó pẹ́ jù. Apá àwọn aládùúgbò ti dé ibẹ̀, wọ́n ti tẹ́ sórí rẹ̀ bí ìtàkùn, sẹ́ẹ̀lì tuntun kò rí gíláàsì fi ìdí kàn, orí apá wọn ló jókòó sí. Nígbà tó di alẹ́, kò sí níbẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, mẹ́ta la máa ń fi sílẹ̀ lórí agarose níbi ìdúró lẹ́yìn tí 16 bá pé, a kì í sì da agarose nù títí àwòrán wákàtí àkọ́kọ́ yóò fi jáde.